Nọ́mbà Kan Tí Ó Jọba Fún Ọdún 75

Nọ́mbà tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa ọ̀wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí ní ọ̀sẹ̀ yìí nìyí:

170,141,183,460,469,231,731,687,303,715,884,105,727

Ẹyọ nọ́mbà 39 ni a tò láti fi kọ ọ́. Kì í ṣe títóbi rẹ̀ nìkan ni ó mú wa mẹ́nu kàn án, nítorí ọmọ kékeré pàápàá lè kọ èyí tí ó tóbi jù ú lọ bí ó bá fi òdo kan kún ìparí rẹ̀. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ ni pé, yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí nọ́mbà kan tí ó lè pín in láìṣẹ́ ku nǹkan. Àti pé láti ọdún 1876 títí di ọdún 1951, kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo ayé tí ó lè nawọ́ sí òmíràn tí ó tóbi jù ú lọ, tí a sì ti fi ẹ̀rí múlẹ̀ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 75 ni ó fi jọba láàárín irú tirẹ̀. Bí ó ti dé orí ìtẹ́, àti irú ẹ̀rí tí a fi gbé e gorí rẹ̀, ni a fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí ó kéré. Bí ìyá kan bá ní ọsàn 12 lórí àtẹ, ó lè tò ó ní méjì-méjì, ní mẹ́ta-mẹ́ta, ní mẹ́rin-mẹ́rin, tàbí ní mẹ́fà-mẹ́fà, kí gbogbo òkìtì sì dọ́gba. Ṣùgbọ́n bí ọsàn náà bá jẹ́ 13, gbogbo ọgbọ́n tí ó wù kí ó dá, òkìtì kan kì yóò bá ìyókù dọ́gba, àfi bí ó bá tò ó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tàbí bí ó bá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sójú kan. Irú nọ́mbà bí 13 ni a ó máa pè ní nọ́mbà àìṣeépín nínú ọ̀rọ̀ wa yìí. Irú rẹ̀ ni 2, 3, 5, 7, 11, 17 àti 19. Àwọn ni a fi kọ́ gbogbo nọ́mbà yòókù, bí a ti ń fi bíríkì kọ́ ilé: 12 jẹ́ 2 lọ́nà 2 lọ́nà 3, kò sì sí bíríkì mìíràn tí a lè fi kọ́ ọ.

Euclid, ọ̀mọ̀wé Gíríìkì, ẹni tí ó gbé ayé ní nǹkan bí 300 ọdún ṣáájú ìbí Olúwa wa, ti fi hàn pé àwọn nọ́mbà àìṣeépín kò lópin. Bí a bá kó gbogbo èyí tí a mọ̀ jọ, tí a sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, tí a sì fi 1 kún un, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò pín èyí tí a rí tí kì yóò ṣẹ́ ku 1. Nítorí náà òmíràn wà níbìkan tí a kò tí ì mọ̀. Ẹ̀rí kúkúrú ni, ó sì dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a mọ̀ pé òmíràn wà, ọ̀tọ̀ ni kí a nawọ́ sí i pé òun nìyí.

Àwọn tí ó bá gbọ́ bí àwọn baba wa ti ń ka owó ẹyọ ní ọ̀kẹ́-ọ̀kẹ́ yóò tètè lóye bí a ti bí nọ́mbà wa. Ká ní ọkùnrin kan fi owó ẹyọ 2 bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, tí ó sì ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́: 2, 4, 8, 16, 32. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún owó rẹ̀ yóò ti ju ọ̀kẹ́ kan lọ, èyíinì ni 20,000. Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n yóò ti ju ọ̀kẹ́ 107,000 lọ. Bí ó bá ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ 127, tí ó sì mú ẹyọ kan ṣoṣo kúrò nínú rẹ̀, iye tí ó kù ni nọ́mbà tí a kọ sókè. Èdè wa fẹ́ràn láti máa ka òǹkà nípa dídín; ọ̀kàndínlógún ni a ń wí, ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n ni a ń wí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni irú àwọn nọ́mbà wọ̀nyí rí, a ó sì máa pè wọ́n ní ọ̀kàndín. Ọ̀kàndín ọjọ́ 2 ni 3, ti ọjọ́ 3 ni 7, ti ọjọ́ 4 ni 15, ti ọjọ́ 5 ni 31.

Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí i pé 3, 7 àti 31 kò ṣeé pín, ṣùgbọ́n pé 15 ṣeé pín. Òfin kan wà nídìí èyí. Bí iye ọjọ́ bá ṣeé pín, ọ̀kàndín rẹ̀ pẹ̀lú ṣeé pín dájúdájú. 4 ṣeé pín, nítorí náà 15 kò lè ṣe kí ó má ṣeé pín. Ṣùgbọ́n bí iye ọjọ́ kò bá ṣeé pín, ẹnikẹ́ni kò lè búra fún ọ̀kàndín rẹ̀. Ọjọ́ 11 ni ó kọ́kọ́ já ni kulẹ̀: ọ̀kàndín rẹ̀ ni 2,047, èyí tí í ṣe 23 lọ́nà 89.

Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe àwọn ọ̀kàndín wọ̀nyí ni Marin Mersenne, àlùfáà ará Faransé kan nínú ẹgbẹ́ àwọn Minim, tí a bí ní 1588, tí ó sì kú ní 1648. Láti inú iyàrá rẹ̀ ní Paris ni ó ti ń kọ̀wé sí àwọn ọ̀mọ̀wé káàkiri Yúróòpù, tí àwọn náà sì ń kọ̀wé sí i, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá sọ ohun kan fún Mersenne ti sọ ọ́ fún gbogbo ayé. Ní 1644 ó tẹ ìwé kan jáde, ó sì wí nínú rẹ̀ pé, títí dé ọjọ́ 257, àwọn ọ̀kàndín tí kò ṣeé pín ni ti ọjọ́ 2, 3, 5, 7, 13, 17, 19, 31, 67, 127 àti 257, kò sì sí òmíràn. Kò fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Òun tìkára rẹ̀ gbà pé láti mọ̀ bóyá nọ́mbà tí ó ní ẹyọ 15 tàbí 20 ṣeé pín, gbogbo ọjọ́ ayé kò tó fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kàndín ọjọ́ 127 ní ẹyọ 39, ti ọjọ́ 257 sì ní ẹyọ 78!

Ohun tí ó fa ẹni Ọlọ́run sídìí irú ọ̀rọ̀ yìí yẹ ní gbígbọ́. Àwọn ará ìgbàanì a máa pe nọ́mbà kan ní nọ́mbà pípé bí gbogbo àwọn nọ́mbà tí ó kéré jù ú lọ tí ó lè pín in bá pé iye rẹ̀ gan-an nígbà tí a bá rò wọ́n pọ̀. 6 ni àkọ́kọ́: 1, 2 àti 3 ni ó pín in, wọ́n sì pé 6. Èkejì ni 28, tí 1, 2, 4, 7 àti 14 pín. Augustine Mímọ́, ọmọ Áfíríkà, bíṣọ́ọ̀bù Hippo, sọ̀rọ̀ nípa pípé tí 6 pé nínú ìwé rẹ̀ lórí Ìlú Ọlọ́run, ó sì so ó mọ́ ọjọ́ mẹ́fà tí a fi dá ayé. Euclid sì ti fi hàn pé ibikíbi tí a bá ti rí ọ̀kàndín tí kò ṣeé pín, a ti rí nọ́mbà pípé kan pẹ̀lú rẹ̀: a ó mú owó ẹyọ ti ọjọ́ tí ó ṣáájú, a ó sì fi ọ̀kàndín náà sọ ọ́ di púpọ̀. 2 lọ́nà 3 ni 6. 4 lọ́nà 7 ni 28. 16 lọ́nà 31 ni 496. Ọ̀rọ̀ nọ́mbà pípé wọ̀nyí ni Mersenne ń sọ lọ́wọ́ nígbà tí ó to orúkọ àwọn ọ̀kàndín rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró pẹ́, nítorí ọlá ẹni tí ó sọ ọ́, àti nítorí pé agbára kò sí láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní 1772, Leonhard Euler, ọmọ Switzerland, tí ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán, fi hàn pé ọ̀kàndín ọjọ́ 31, èyíinì ni 2,147,483,647, kò ṣeé pín. Kò dán gbogbo nọ́mbà wò. Ó mọ̀ pé ohunkóhun tí ó bá pín irú ọ̀kàndín bẹ́ẹ̀ ní láti ṣẹ́ ku 1 nígbà tí a bá fi ìlọ́po méjì iye ọjọ́ rẹ̀ pín in. Ẹ wo 23 àti 89 tí a dárúkọ níjelòó: ẹ fi 22 pín ọ̀kọ̀ọ̀kan, 1 ni yóò ṣẹ́ kù. Ọgbọ́n yìí dín iṣẹ́ náà kù púpọ̀púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dé ọjọ́ 127, kò tó mọ́. Bí a bá tilẹ̀ ń dán kìkì àwọn tí ó ṣẹ́ ku 1 nígbà tí a fi 254 pín wọn wò, ọ̀kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, tọ̀sán-tòru, yóò gbà wá ju ọdún 1,600,000,000 lọ.

Édouard Lucas, ọmọ Faransé, tí a bí ní Amiens ní 1842, ni ó gba ọ̀nà mìíràn. Kò wá ohun tí yóò pín nọ́mbà náà rárá. Ó bi nọ́mbà náà ní ìbéèrè tí ó jẹ́ pé èyí tí kò ṣeé pín nìkan ni ó lè dá a lóhùn bí ó ti yẹ. D. H. Lehmer ti Amẹ́ríkà tún ọ̀nà yìí ṣe ní 1930, bí ó sì ti fi í sílẹ̀ ni a ó ṣe sọ ọ́. A ó fi 4 bẹ̀rẹ̀. A ó sọ ọ́ di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀, a ó mú 2 kúrò, a ó fi ọ̀kàndín tí a ń dán wò pín èyí tí ó kù, ìṣẹ́kù nìkan ni a ó sì mú. Ohun kan náà ni a ó ṣe sí ìṣẹ́kù yẹn, àti sí èyí tí yóò tún tẹ̀lé e. Iye ìgbà tí a ó ṣe é ni iye ọjọ́ náà dín méjì. Bí ó bá parí sí òdo, nọ́mbà náà kò ṣeé pín. Bí ó bá parí sí ohun mìíràn, ó ṣeé pín.

Kí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ilé gbé síléètì rẹ̀, kí ó dán 31 wò. Ọ̀kàndín ọjọ́ 5 ni, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta ni iṣẹ́ rẹ̀. 4 lọ́nà 4 jẹ́ 16. Mú 2 kúrò, ó ku 14. 14 lọ́nà 14 jẹ́ 196; mú 2 kúrò, ó ku 194; fi 31 pín in, 8 ṣẹ́ kù. 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. Mú 2 kúrò, ó ku 62. Fi 31 pín in, kò ṣẹ́ ku nǹkan kan. A ti mọ̀ nísinsìnyí pé 31 kò ṣeé pín, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì fi nọ́mbà kankan dán an wò bóyá ó lè pín in. Bí ọmọ náà bá ní sùúrù, kí ó mú 2,047. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni ti èyí: 4 yóò di 14, yóò di 194, lẹ́yìn náà 788, 701, 119, 1,877, 240, 282, àti níkẹyìn 1,736. Kò di òdo. 2,047 ṣeé pín. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ní gbogbo iṣẹ́ wa a kò rí 23, bẹ́ẹ̀ ni a kò rí 89.

Fún ọjọ́ 127, ìgbà 125 péré ni a ó ṣe é. Lóòótọ́, nọ́mbà ẹlẹ́yọ 39 ni a ó máa sọ di púpọ̀ mọ́ ara wọn, ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá sì yà sápá kan fún ìṣẹ́jú kan ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí ènìyàn lè ṣe ni. Lucas ṣe é ní ọ̀nà tirẹ̀, ó sì kéde ní 1876 pé nọ́mbà náà kò ṣeé pín. Nínú gbogbo nọ́mbà àìṣeépín tí ènìyàn fi ọwọ́ lásán ṣe ìṣirò rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ, òun ni ó tóbi jù lọ.

Àlùfáà náà wí òótọ́ nípa ọjọ́ 127. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lucas mú ọjọ́ 67, òdo kò jáde. Ẹ wo irú ipò tí èyí fi àwọn ènìyàn sí: wọ́n mọ̀ dájú pé 147,573,952,589,676,412,927 ṣeé pín, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí ó lè sọ ohun tí ó pín in. Ó dàbí ìgbà tí a bá rí ipasẹ̀ olè nínú àgbàlá, tí a kò sì rí olè. Ọdún 27 ni ó fi wà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1903, Ẹgbẹ́ Onímọ̀ Ìṣirò ti Amẹ́ríkà ṣe ìpàdé ní New York, a sì pe Frank Nelson Cole, olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia, láti sọ ohun tí ó mú wá. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ ìtàn náà, ó dìde, ó lọ síbi pátákó láìfọhùn, ó sọ 2 di ìlọ́po méjì títí ó fi dé ọjọ́ 67, ó sì mú 1 kúrò. Ó bọ́ sí apá kejì pátákó, ó kọ 193,707,721 àti 761,838,257,287, ó sì sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn ní ìlà dé ìlà, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iléèwé yóò ti ṣe é. Nígbà tí ó parí, apá méjèèjì bá ara wọn mu. Ó padà lọ jókòó láìsọ gbólóhùn kan, gbogbo ilé sì pàtẹ́wọ́ fún un. A gbọ́ pé nígbà tí a bi í léèrè bí iṣẹ́ náà ti gbà á pẹ́ tó, ó dáhùn pé àwọn ọjọ́ Ìsinmi ọdún mẹ́ta ni. Ohun tí àlùfáà ìjọ rẹ̀ yóò wí sí èyí kì í ṣe tiwa láti sọ.

Àṣìṣe Mersenne kò mọ síbẹ̀. Ọjọ́ 257 rẹ̀ pẹ̀lú ṣeé pín. Ó sì fo ọjọ́ mẹ́ta tí ó yẹ kí ó kọ. Ọ̀kan nínú wọn ni ọjọ́ 61, èyí tí Ivan Pervushin, àlùfáà Ìjọ Orthodox ní ìgbèríko Rọ́ṣíà, rí ní 1883. R. E. Powers ti Amẹ́ríkà rí ọjọ́ 89 ní 1911, àti ọjọ́ 107 ní 1914. Nígbà tí ó fi di 1947, a ti yẹ gbogbo rẹ̀ wò tán: nínú mọ́kànlá tí ó kọ, mẹ́sàn-án tọ̀nà, méjì kò tọ̀nà, mẹ́ta kò sì sí níbẹ̀. Ó ti ju 300 ọdún lọ kí a tó lè parí iṣẹ́ tí ó fi ìlà díẹ̀ dá sílẹ̀. Lójú tiwa, ìyìn rẹ̀ ju ẹ̀bi rẹ̀ lọ, nítorí bí kò bá sọ ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé yẹ̀ wò, kò sí ohun tí àwọn ará ẹ̀yìn ì bá yẹ̀ wò.

Ìjọba nọ́mbà Lucas dópin ní 1951. Aimé Ferrier, ọmọ Faransé, fi ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì rí òmíràn tí ó ní ẹyọ 44. Ní ọdún kan náà, Miller àti Wheeler ní Cambridge lo ẹ̀rọ oníná tí wọ́n ń pè ní EDSAC: wọ́n sọ nọ́mbà Lucas di púpọ̀ mọ́ ara rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀nà 180, wọ́n fi 1 kún un, wọ́n sì rí nọ́mbà àìṣeépín ẹlẹ́yọ 79. Ọmọ ọba àtijọ́ ni ó jẹ ọba tuntun náà. Láti ìgbà náà ni kọ̀ǹpútà ti gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ ènìyàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, Luke Durant ti Amẹ́ríkà, tí ó ń bá ẹgbẹ́ àwọn olùwá ọ̀kàndín ṣiṣẹ́ pọ̀, rí i pé ọ̀kàndín ọjọ́ 136,279,841 kò ṣeé pín. Ẹyọ 41,024,320 ni a ó fi kọ ọ́. Bí ẹnì kan bá ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan láìsùn láìjẹun, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọjọ́ 475 kí ó tó kà á tán. Òfin Lucas àti Lehmer, èyí tí ọmọ wa fi síléètì ṣe fún 31, ni a fi dá a mọ̀ dájú.

Àwọn kan nínú yín yóò bèèrè pé kí ni èrè rẹ̀. Èrè kan wà tí ó kan ẹni tí ń fi owó ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Ọdún mẹ́ta ni Cole fi wá nọ́mbà méjì rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba àkókò tí ó fi dúró nídìí pátákó ni àwọn olùgbọ́ rẹ̀ fi mọ̀ pé ó tọ̀nà. Láti sọ di púpọ̀ rọrùn. Láti tú u ká le. Ní 1977, Rivest, Shamir àti Adleman ní Amẹ́ríkà fi èyí ṣe àgádágodo fún ọ̀rọ̀ àṣírí. Olówó àgádágodo náà yóò wá nọ́mbà àìṣeépín méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ bí 300, yóò sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, yóò sì kéde èyí tí ó rí fún gbogbo ènìyàn kí wọ́n lè fi ti ìlẹ̀kùn. Méjèèjì tí ó pa mọ́ sọ́kàn ni kọ́kọ́rọ́. Nọ́mbà Lucas kò yẹ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí gbogbo ayé ni ó mọ̀ ọ́n.

Ohun kan kù nípa rẹ̀ tí a kò gbọdọ̀ fò. Ọ̀kàndín ọjọ́ 2 ni 3. Ọ̀kàndín ọjọ́ 3 ni 7. Ọ̀kàndín ọjọ́ 7 ni 127. Ọ̀kàndín ọjọ́ 127 ni nọ́mbà Lucas. Kò sí èyí tí ó ṣeé pín nínú gbogbo wọn. Ọ̀kan ń bí èkejì. Eugène Catalan, olùkọ́ ní Liège ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, kíyè sí èyí ní 1876, ní ọdún kan náà tí Lucas kéde. Bí a bá wá fi nọ́mbà Lucas fúnra rẹ̀ ṣe iye ọjọ́ ńkọ́? Irú ẹ̀wọ̀n báyìí ti já rí níbòmíràn: 13 kò ṣeé pín, ọ̀kàndín ọjọ́ 13, tí í ṣe 8,191, kò ṣeé pín, ṣùgbọ́n ní 1953 ẹ̀rọ kan ní Yunifásítì Illinois fi hàn pé ọ̀kàndín ọjọ́ 8,191 ṣeé pín. Ní ti ẹ̀wọ̀n Lucas, nọ́mbà tí ó kàn tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí iye ẹyọ tí a ó fi kọ ọ́, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, jẹ́ nọ́mbà ẹlẹ́yọ 38. Kò sí ìwé tí a lè kọ ọ́ sí, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe iṣẹ́ Lucas lórí rẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ lè ṣe ni kí wọ́n máa fi àwọn nọ́mbà kéékèèké dán an wò, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bóyá wọn yóò rí èyí tí ó pín in. Wọ́n ti dán ọ̀pọ̀lọpọ̀ wò, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pín in.